Bí ìlú ṣe lè gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá iṣẹ́ ológun lọ

Lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún, ààrẹ á gbé òdòdó ẹ̀yẹ kalẹ̀ l'Abújà, àwọn gómìnà á ṣe bẹ́ẹ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ojú oórì tí wọ́n dúró síwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, kó lè dúró fún gbogbo wọn. Ìlú tí wọ́n ti jáde ló mọ orúkọ. Ìlú ló mọ agboolé wọn, ìlú ló mọ ìyá tó ń retí lẹ́tà títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Torí náà, òkúta tí ìlú bá ṣe fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ lára, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ pé, kó gún.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ìlú, agboolé, ilé ìwé tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó fẹ́ ṣe òkúta olórúkọ mẹ́wàá sí ogójì. A kò dárúkọ owó nítorí ọjà ò dúró sójú kan. Ìwọ̀n la fi sílẹ̀, kí ẹ lè gbé e lọ bá oníṣẹ́ kó ṣírò rẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ ṣí i lóṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún yìí: oṣù mẹ́fà fún orúkọ, oṣù kan fún ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ, oṣù méjì fún ìpìlẹ̀ àti òkúta, kí oṣù kejìlá jẹ́ ti ìgbáradì. Ìlú tó bá sanwó òkúta kí orúkọ tó pé ló máa ń wá àyè tí wọ́n á há orúkọ mìíràn sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i tán.

Ta ni orúkọ rẹ̀ máa wà níbẹ̀?

Ẹ yan ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún sí méje. Kí aṣojú ààfin wà níbẹ̀, kí ajagunfẹ̀yìntì kan wà níbẹ̀, kí mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí opó tàbí ọmọ ṣọ́jà tó kú wà níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé olùkọ́ tó lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, torí òun ni iṣẹ́ máa pọ̀ sí lọ́rùn jù. Bí olóṣèlú bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó fowó ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó jókòó síbi tí wọ́n ti ń yan orúkọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹyọ ẹnì kan, ẹ kọ ìlànà yín sínú ìwé kan ṣoṣo, kí gbogbo ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí orúkọ dé kí ẹ tó máa ṣe ìlànà, gbogbo ìpinnu ló máa dà bí ẹni pé ẹ ń fi ìdílé kan gorí òmíràn.

Ìlànà tó bójú mu jù lọ wà lọ́wọ́ Commonwealth War Graves Commission, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917 láti máa tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, Nàìjíríà náà sì wà lára wọn. Fún Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 4 oṣù kẹjọ 1914 sí 31 oṣù kẹjọ 1921 wà nínú ìwé wọn. Fún Ogun Àgbáyé Kejì, láti 3 oṣù kẹsàn-án 1939 dé 31 oṣù kejìlá 1947 ni. Ìbáà ṣe ọta ìbọn ló pa á, ìbáà ṣe ibà, ìbáà ṣe ọkọ̀ ló dànù. Ẹ gba ìlànà yìí, kí ẹ sì fà á dé òde òní. Bí ẹ bá ní ẹni tó kú lójú ìjà nìkan ni ẹ fẹ́, ẹ ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí àìsàn pa nínú igbó Bọ́mà (Burma, Myanmar òde òní) nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nìyẹn, ẹ sì ti tì í mọ́ àwọn ọ́físà tó lé ní àádọ́jọ tí ọkọ̀ òfuurufú ológun já pa ní Èjìgbò l'Ékòó lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1992. Iṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn alárùú gba ìrònú. Ọmọ ogun Nàìjíríà jagun ní Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916, wọ́n sì tún jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà títí di 1918. Àwọn ọkùnrin tó ń ru ọta àti oúnjẹ wà lẹ́yìn wọn, àìsàn àti ebi sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní 2021 àjọ yẹn fúnra rẹ̀ gbà pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, ni wọn kò dá lórúkọ níbi ìrántí kankan, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ rántí rárá. Nítorí náà, tí ìdílé bá wá sọ pé baba baba àwọn ru ẹrù lọ sógun Jámánì tí kò padà, tí wọn ò sì ní ìwé, ẹ má lé wọn. Ẹ wá àgbà méjì tí kì í ṣe ọmọ agboolé kan náà, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá bára mu, ẹ kọ ọ́: orúkọ rẹ̀, kí «alárùú» sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ipò.

Ẹni tó lọ tó bọ̀, tó wá kú lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ nílé, ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, àmọ́ pátákó mìíràn ni kí ẹ ṣe fún un. Tí ẹ bá da àwọn méjèèjì pọ̀, láàárín ọdún mẹ́wàá kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó kú sógun mọ́.

Kíkó orúkọ jọ

Ẹ kéde rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tẹ̀ léra, ní ọjọ́ ọjà, àti lórí rédíò àdúgbò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, Kàdúná àti Lọ́ńdọ̀nù, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣọ́jà kò dàgbà nílé. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó kú ní ìwé tirẹ̀, kí ìwé náà sì béèrè:

- orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ará ilé rẹ̀ pè é sínú fóònù kí ẹ gbà á sílẹ̀
- orúkọ tó fi wọṣẹ́ ológun
- agboolé, orúkọ baba àti ti ìyá
- nọ́ńbà ológun, ipò, ẹ̀ka
- ọjọ́ tó kú, ibi tó kú, ibi tí wọ́n sin ín sí bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n
- ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá, ìbátan rẹ̀ sí olóògbé, àti ìfọwọ́sí pé ìdílé gbà kí orúkọ wà lára òkúta

Ẹ bi ìdílé léèrè ohun tó wà nínú àpótí: lẹ́tà tí ìjọba fi tú ọ̀fọ̀, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, fọ́tò nínú aṣọ iṣẹ́, àmì-ẹ̀yẹ onírin. Àwọn nǹkan yìí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń wò wọ́n. Igi ọ̀pẹ lára fìlà jẹ́ àmì Royal West African Frontier Force (R.W.A.F.F.), ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Nigeria Regiment wà lábẹ́ rẹ̀. Aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú ní èjìká jẹ́ ti Dífíṣọ̀n 81 tó jà ní Bọ́mà. Ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá jẹ́ ti Dífíṣọ̀n 82. Òṣùká yẹn dúró fún àwọn tó ń rẹrù, tí ogun ò bá má lè rìn láìsí wọn. Burma Star, àmì-ẹ̀yẹ ogun Bọ́mà, jẹ́ ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa láàárín, aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìlà olómi ọsàn sì la aró náà láàárín.

Ẹ wo etí àmì-ẹ̀yẹ Ogun Àgbáyé Kìíní dáadáa. Nọ́ńbà, ipò àti orúkọ máa ń wà ní fífín yí i ká. Ẹ gbé e sábẹ́ iná tó ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú, lẹ́yìn àti létí. Ti Ogun Kejì kì í sábà ní orúkọ lára, ẹ má torí ìyẹn rò pé ayédèrú ni. Ẹ má fi eérú tàbí ọṣẹ ha àmì-ẹ̀yẹ kankan kó lè dán, torí lẹ́tà ni ẹ ń fọ̀ dànù yẹn.

Ẹ má gba ojúlówó ìwé tàbí fọ́tò kúrò lọ́wọ́ ìdílé. Ẹ gbé ẹ̀rọ lọ bá wọn nílé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò ní 600 dpi (kó lè mọ́ kedere) lójú wọn, kí ẹ dá a padà sínú àpótí rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù ti baba wọn, tí ó sọnù sọ́wọ́ ìgbìmọ̀, lè da gbogbo ètò rú, ẹjọ́ wọn á sì tọ́.

Wíwá ẹni tó kú nínú ogun Bọ́mà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń sú ọ̀pọ̀ ìdílé. Wọ́n á lọ sórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, wọ́n á tẹ orúkọ ìdílé wọn, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ìdí ni pé orúkọ ìdílé ni wọ́n ń wá, orúkọ ìlú ni ológun kọ. Akọ̀wé ológun tó ń gba ọmọkùnrin wọlé máa ń béèrè orúkọ rẹ̀, á béèrè ibi tó ti wá, á sì so méjèèjì pọ̀: Lawani Ibadan, Raji Oyo, Bello Offa. Orúkọ agboolé kò wọ inú ìwé rárá. Torí náà, ẹ fi orúkọ ìlú yín síbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ìdílé.

Ẹ tẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà, láìsí àmì, pẹ̀lú «sh»: Ogbomosho, Oshogbo, Ilesha, Shaki. Ẹ yan Nigeria Regiment, R.W.A.F.F. gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka, kí ẹ yan Ogun Kejì. Tí kò bá jáde, ẹ gbìyànjú orúkọ àwọn ìlú tó yí yín ká, torí ẹni tó ti abúlé wá lè dárúkọ ìlú ńlá tí akọ̀wé mọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa yí orúkọ àkọ́kọ́ padà: Buraimoh, Braimah, Ibrahim, Yesufu, Yusuf, Lamidi, Hamid.

Ọmọkùnrin méjì láti ìlú kan náà lè jẹ́ orúkọ kan náà. Nọ́ńbà ológun nìkan ló lè yà wọ́n. Nínú ìwé yẹn, ti Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Nígbà mìíràn ìlà kan máa ń wà nísàlẹ̀ tó sọ orúkọ baba tàbí ìyàwó. Ẹ fi wé ohun tí ìdílé kọ. Bí nọ́ńbà tàbí orúkọ òbí kò bá jẹ́rìí sí i, ẹ má sọ ẹni yẹn di baba ẹnì kankan torí pé orúkọ jọra.

Tí ẹ bá rí i, ẹ kọ ibi tí ó sùn sí. Àwọn tí ibojì wọn kò hàn ní Bọ́mà, orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial nínú ibojì Taukkyan, níbi tí orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 wà. Ìwé máa sọ nọ́ńbà ojú ògiri tí orúkọ wà. Àwọn mìíràn wà nílé níbí, ní Ibojì Ológun Ìbàdàn tàbí ní Yábàá l'Ékòó. Ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde, kí ẹ fún ìdílé ní ẹ̀dà kan kí ẹ tó fún ìgbìmọ̀. Ìdílé tó fi irun àti èékánná sin olóògbé ní bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, tàbí tí wọn ò rí ìyẹn pàápàá sin, ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tó wà.

Àwọn tó kú lẹ́yìn òmìnira

Fún ogun abẹ́lé, Làìbéríà, Sàró àti ogun Bókò Hàrámù, ilé iṣẹ́ ológun ló ní ìwé. Ẹ kọ lẹ́tà sí bárékè tó súnmọ́ yín: olú-ilé Dífíṣọ̀n 2 wà ní Ọgbà Adékúnlé Fájuyì n'Íbàdàn, Akúrẹ́ ní Bìrìgéèdì 32, Abẹ́òkúta ní Bìrìgéèdì 35 ní Àlámàlà. Ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ, torí wọ́n mọ ọ́físì tí lẹ́tà yẹ kó wọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ológun sí i. Lára nọ́ńbà ṣọ́jà òde òní, ọdún tó wọṣẹ́ ló máa ń ṣáájú NA, ìyẹn sì máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ìtàn tí ìdílé sọ bá ọdún mu.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí. Ẹni tí wọ́n ní ó sọnù lójú ogun kò tíì kú títí ìjọba á fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ìdílé rẹ̀ nínú ìwé. Ìyàwó kan wà tó ṣì ń retí. Ẹ má fi òkúta sọ ọ́ di opó. Ẹ má sì kéde orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kí ilé iṣẹ́ ológun tó sọ fún ìdílé. Nọ́ńbà fóònù opó, àdírẹ́sì rẹ̀ àti orúkọ báńkì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hàn síbi kankan, torí àwọn gbájúẹ̀ máa ń pe opó pé owó ọkọ wọn ti jáde, kí wọ́n fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa kọ

Àkọlé òkè: ÀWỌN ỌMỌ (orúkọ ìlú) TÓ KÚ LẸ́NU IṢẸ́ OLÓGUN. Ó tó. Bí ìlú bá fẹ́, ẹ fi ìlà kan ṣoṣo nínú oríkì ìlú sí abẹ́ rẹ̀.

Fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìlà méjì. Ìlà kìíní ni orúkọ tí ilé mọ̀ ọ́n sí, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ìlà kejì, tí ó kéré, ni ipò, ẹ̀ka, agboolé, ibi tó kú àti ọdún. Bí orúkọ inú ìwé ológun bá yàtọ̀, ó gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kejì yìí, kí ọmọ-ọmọ tó bá ń wá a lẹ́yìn ọ̀la lè rí ọ̀nà padà sínú ìwé náà.

Ẹ to orúkọ ní ìlànà ábídí Yorùbá, kí Ẹ tẹ̀ lé E, Gb tẹ̀ lé G, Ọ tẹ̀ lé O, Ṣ tẹ̀ lé S. Ẹ má to wọ́n bí ipò ṣe ga sí. Mejọ̀ àti ṣọ́jà lásán, lẹ́tà wọn gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ti di ìlànà yẹn mú láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ipò, àwọ̀ àti ẹ̀sìn kò gbọ́dọ̀ mú kí òkúta kan ga ju òmíràn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ jù. Ẹ má jẹ́ ká tún ṣe é fún ara wa.

Fọ́tò kò dára lára òkúta. Ẹnì kan á ní, ẹnì kan ò ní ní, àwọn Mùsùlùmí kan kò sì fẹ́ àwòrán níbi ìrántí òkú. Ẹ tọ́jú fọ́tò sínú ìwé ìrántí tó máa wà ní ààfin. Àgbélébùú nìkan tàbí òṣùpá nìkan kò yẹ lókè orúkọ àwọn ènìyàn tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ síra. Tí ẹ bá fẹ́ àmì ológun, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó fín in. Orúkọ gómìnà, alága tàbí olówó tó ṣèrànwọ́ kò ní àyè ní iwájú. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ kékeré dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ògiri.

Àmì ohùn ló máa ń bà jẹ́ jù lọ́wọ́ oníṣẹ́ òkúta. Nínú ẹ́ àti ọ̀, àmì kan wà lókè lẹ́tà, òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò kò bá mọ̀ wọ́n, á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ lo Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif. Kí ẹni tó ń ṣe é sọ lẹ́tà di àwòrán onílà kó tó fi ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ oníṣẹ́ má baà pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ààfin fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá ka ti wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ìdílé kan ò bá tíì fọwọ́ sí i, kí oníṣẹ́ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Òkúta àti ìpìlẹ̀

Gíránáìtì dúdú ló pẹ́ jù lójú òjò wa. Mábù funfun lẹ́wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ òjò á máa jẹ ẹ́, lẹ́tà á sì máa rẹ̀. Idẹ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olè tó ń tà á fún onírin àlòkù kì í jẹ́ kó sùn. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi yanrìn fín lẹ́tà náà, kó jìn tó mìlímítà mẹ́ta. Èyí tí wọ́n fi iná lésà ha lórí kì í pẹ́ kó tó parẹ́.

Òkúta kan tó ga ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 90, tó nípọn ní 3, wúwo tó bíi kílò 87. Ọkùnrin mẹ́rin ló máa gbé e. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, 20 fún àkọlé. Ìyókù jẹ́ 80. Lẹ́tà orúkọ ga ní mìlímítà 20, ẹ fún ìlà rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, torí àmì òkè àti tìsàlẹ̀ nílò àyè tí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò nílò. Ìlà kejì, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, gba 2.5. Ẹnìkọ̀ọ̀kan gba 6.5, èyí tó túmọ̀ sí ènìyàn 12 ní òpó kan, 24 ní òpó méjì. Bí orúkọ yín bá ti lé ní 20, ẹ ra òkúta méjì, torí ẹ nílò àyè fún èyí tó máa dé lẹ́yìn.

Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí tàbí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n máa fẹ títì dé. Etí títì ni katakata ti ń hú òkúta ìrántí. Ẹ má fi sábẹ́ máńgòrò tàbí wáyà iná. Iwájú ààfin, ọgbà ilé ìwé tàbí gbọ̀ngàn ìlú ló dára.

Fún ògiri tó máa gbé òkúta kan, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn ní 75 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 67, tó gùn ní 160. Ẹ to irin oní-mìlímítà 12 mẹ́ta sí i, kí ẹ da kọnkéré sí i tó nípọn ní 22: sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì á ká ibẹ̀. Ẹ fi omi rin ín fún ọjọ́ méje. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án 25 á gbé ògiri dé 150 sẹ̀ǹtímítà lókè ilẹ̀, ní fífẹ̀ búlọ́ọ̀kù méjì ààbọ̀. Ẹ fi irin àti kọnkéré kún ihò inú wọn. Òrùlé ògiri gbọ́dọ̀ yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 5 kí omi má ṣàn gba ojú òkúta. Ẹ dúró ọjọ́ 28 kí ẹ tó gbé òkúta kọ́ ọ.

Kí òkúta jókòó lórí èèkàn kọnkéré tó yọ síwájú, kí irin tí kì í dípẹtà mú un ní ibi mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà lo ìṣó tàbí róòdù lásán. Tí irin bá dípẹtà nínú òkúta, á wú, á sì la òkúta. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù táílì nìkan lẹ̀ máa ń já lulẹ̀ lẹ́yìn òjò ọdún mélòó kan. Ẹ kán gọ́ọ̀mù sí i níbi mélòó kan, ẹ má lẹ̀ ẹ́ yí ká, kí omi tó bá wọ ẹ̀yìn òkúta lè ṣàn jáde.

Ọjọ́ ìṣíṣọ

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ló bọ́gbọ́n mu. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni Nàìjíríà ń lò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó mú un wá sí ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Bí àwọn tí ẹ ń rántí bá jẹ́ ti Bọ́mà nìkan, ọjọ́ 25 oṣù kìíní náà dára: ọjọ́ yẹn ní 1945 ni Dífíṣọ̀n 81 àti 82 gba Myohaung, ìlú tí orúkọ rẹ̀ wà lára Myoung Barracks ní Yábàá. Ọmọ ìlú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbé òdòdó tiwọn lọ sí Windrush Square ní Brixton, níbi tí wọ́n ti ṣí òkúta àwọn ọmọ ogun Áfíríkà àti Kàríbíánì lóṣù kẹfà 2017.

Ẹ má jẹ́ kí ètò kọjá wákàtí kan. Àwọn opó tí ọjọ́ orí wọn ti lọ wà nínú oòrùn. Kí àsíá wọ òkè pátápátá kó tó sọ̀kalẹ̀ sí ìdajì òpó. Kí ìmáàmù àti pásítọ̀ gbàdúrà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ máa ka orúkọ. Kí olùkọ́ kà á, kó dúró ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láàárín orúkọ kan àti èkejì, kí ọmọ ìdílé dìde bí ó bá gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má pàtẹ́wọ́. Kí ó ti fi ohùn tí ìdílé gbà sílẹ̀ kọ́ra fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí kò sí ohun tó dun ọmọ tó kí a pe orúkọ baba rẹ̀ ní àpèsọnù lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn orúkọ, fèrè Last Post tí wọ́n fi ń dágbére fún ológun tó kú, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan, fèrè ìjí. Bárékè lè yá yín ní onífèrè bí lẹ́tà yín bá tètè dé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ohùn rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà kó má baà dún láàárín ìdákẹ́jẹ́. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ọgbọ̀n mítà.

Nínú òdòdó ẹ̀yẹ, ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn opó àti ọmọ ṣáájú, lẹ́yìn wọn kábíyèsí, lẹ́yìn náà ológun, ajagunfẹ̀yìntì àti alága. Ètò ti ìjọba ní àtẹ tirẹ̀. Èyí jẹ́ ti ìlú. Àwọn kan máa ń fẹ́ màrìwò lára òdòdó nítorí Ògún, àwọn mìíràn ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ ọ́ ní ìgbìmọ̀ lóṣù kẹwàá, ẹ má sọ ọ́ lójú agbo. Oríkì látẹnu obìnrin ilé kọ̀ọ̀kan bá ètò mu. Ìrèmọ̀jé jẹ́ ti ọdẹ; bí olóògbé bá jẹ́ ọdẹ kó tó wọṣẹ́, kí ẹgbẹ́ ọdẹ sun ún fún un.

Ìbọn kò sí nínú ètò yín àfi bí ológun bá fúnra wọn wá yìn ín. Kò sí ṣakabùlà, kò sí bàńgà, torí àwọn tó ti ojú ogun bọ̀ wà láàárín èrò, ìró yẹn sì máa ń gbé wọn padà síbẹ̀. Ẹ má fi aṣọ ṣọ́jà wọ ọmọdé tàbí onítíátà: òfin Nàìjíríà kò gbà á fún ẹni tí kì í ṣe ológun. Bí ẹ bá máa tú ẹyẹlé sílẹ̀, ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ kó wà níbi afẹ́fẹ́ títí ó fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹyẹlé tí wọ́n sé mọ́ àpótí láti àná kì í fò, àwọn èrò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn.

Ìtọ́jú

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn òjò àti ṣáájú 15 oṣù kìíní, ẹ fi omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Hípò, ásíìdì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ pín iṣẹ́ yìí fún kíláàsì kan nílé ìwé tó súnmọ́ ibẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ kan, kó mọ agboolé rẹ̀. Ẹ ṣe ìwé ìrántí sí ẹ̀dà mẹ́ta: ààfin, ilé ìwé, àti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lókè òkun.

Orúkọ mìíràn máa dé. Ẹ gbà á ní gbogbo ọdún títí di òpin oṣù kẹjọ, kí ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe yẹ ti àkọ́kọ́ wò, kí oníṣẹ́ fín in sí àyè tí ẹ fi sílẹ̀. Orúkọ tó bá dé lẹ́yìn kò ní sí ní ìtò ábídí, ìyẹn kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Bí àṣìṣe bá wà nínú orúkọ tó ti wà lára òkúta, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí i kí ẹ tún un kọ sórí rẹ̀, torí sìmẹ́ǹtì náà á yọ, orúkọ méjèèjì á sì hàn. Ẹ gé gíránáìtì pẹlẹbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ bára mu, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan, kó bo àyè ẹni náà nìkan, kí ẹ fín orúkọ tó tọ́ sí i, kí ẹ fi epoxy lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣàtúnṣe àti ìdí rẹ̀ sínú ẹ̀dà ìwé ìrántí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.